KÁÀDÌ ỌDÚN LÁTI LOKOJA: BÍ A ṢE Ń FI BÉBÀ SO ỌMỌ PỌ̀ MỌ́ ILÉ

Àwọn àgbà bọ̀, wọ́n ní ilé là á wò kí a tó sọmọ lórúkọ. Ṣùgbọ́n àwa tí a ń gbé ní ẹ̀yìn odi ńkọ́? Ilé tí ó yẹ kí a máa wò jìnnà sí wa. Ọmọ tí a bí sí Lokoja ń bá ọmọ Tápà, ọmọ Ígálà, ọmọ Ẹ̀bìrà àti ọmọ Haúsá ṣeré. Gẹ̀ẹ́sì ni ó ń sọ ní ilé ẹ̀kọ́, Písìn ni ó ń sọ ní àdúgbò, Yorùbá wá di èdè tí òbí fi ń bá a wí nígbà tí inú bá ń bí wọn. Ọ̀rọ̀ tí a fẹ́ bá yín sọ nínú ìwé ìrántí ọdún yìí kò ju ọ̀rọ̀ bébà, àtè àti ẹ̀rọ kékeré kan lọ. Ohun tí ó wà lábẹ́ rẹ̀ ni bí àwọn ọmọ wa yóò ṣe máa mọ ẹni tí wọ́n jẹ́.

Òṣìṣẹ́ ìjọba àpapọ̀ ni wá, tọkọtaya. Ọdún 2003 ni wọ́n gbé iṣẹ́ wa kúrò ní Abẹ́òkúta wá sí Lokoja. A rò pé ọdún mẹ́ta péré ni a ó lò, ṣùgbọ́n bí eré bí àwàdà, ó ti lé ní ogún ọdún. Nínú ọmọ mẹ́rin tí Olúwa fi ta wá lọ́rẹ, mẹ́ta ni a bí síhìn-ín. Ìṣirò owó ni a kọ́ tí a fi gba dípúlómà ní pólí, a kò kọ́ iṣẹ́ ọnà kankan. Fáìlì, fáúṣà àti sọ́kúlà ni a fi ń jẹun. Ṣùgbọ́n ẹni tí ó bá ti bá ìjọba ṣiṣẹ́ pẹ́, bébà kò lè ṣàjèjì sí i.

Òkè òkun ni káàdì ọdún ti wá, òótọ́ ni, ṣùgbọ́n ìtàn rẹ̀ fi ara kan ìtàn èdè wa. Ní ọdún 1843, ní ìlú London, ọkùnrin kan tí ń jẹ́ Henry Cole ní lẹ́tà púpọ̀ tí ó yẹ kí ó dáhùn nígbà Kérésìmesì, kò sì ráyè. Ó ní kí ayàwòrán kan, John Callcott Horsley, ya àwòrán ìdílé tí ń ṣe àríyá. Wọ́n tẹ̀ ẹ́ sórí bébà líle, wọ́n sì ń tà á ní ṣílè kan ọ̀kọ̀ọ̀kan. Káàdì Kérésìmesì àkọ́kọ́ tí wọ́n tà lọ́jà nìyẹn. Ní ọdún 1843 yẹn kan náà, ní London yẹn kan náà, ni wọ́n fi Ajayi Crowther, ọmọ Òsogùn, jẹ àlùfáà, tí ìwé àkójọ ọ̀rọ̀ Yorùbá tí ó kọ sì jáde. Crowther yìí ti bá ọkọ̀ ọdún 1841 gòkè odò Ọya dé ìhà ibí. Nígbà tí ó sì yá, iṣẹ́ ìjọ rẹ̀ dá ilé ẹ̀kọ́ Holy Trinity sílẹ̀ ní Lokoja ní ọdún 1865. Nítorí náà, bí ọmọ wa bá jókòó ní Lokoja tí ó ń kọ Yorùbá sórí káàdì, ọ̀nà tí ẹni tiwa ti là sílẹ̀ ni ó ń tọ̀.

Ẹ̀yin tí ẹ ti dàgbà díẹ̀ yóò rántí àwọn ọdún 1980 àti 1990. Bí oṣù Kejìlá bá ti wọlé, àwọn tí ń ta káàdì á tẹ́ ẹ sílẹ̀ níwájú ilé ìfìwéránṣẹ́. Bí Iléyá bá ń bọ̀, wọ́n á kó èyí tí ó ní òṣù àti ìràwọ̀ jáde. Gẹ̀ẹ́sì ni ó fẹ́rẹ̀ẹ́ jẹ́ gbogbo ohun tí wọ́n kọ sí i, yìnyín sì ń bọ́ lórí èyí tí ó pọ̀ nínú wọn, bẹ́ẹ̀ ọyẹ́ ni ó ń fẹ́ lọ́dọ̀ tiwa. Síbẹ̀, ẹni tí ó bá gbà á á gbé e sórí tẹlifíṣọ̀n títí ọdún yóò fi kọjá. Nígbà tí fóònù alágbèéká dé ní oṣù Kẹjọ ọdún 2001, àtẹ̀jíṣẹ́ gba ipò káàdì. Lẹ́yìn náà ni WhatsApp dé. Lónìí, àwòrán kan ṣoṣo ni ènìyàn ń fi ránṣẹ́ sí igba ènìyàn lẹ́ẹ̀kan náà, àwọn igba yẹn á sì tún fi ránṣẹ́ sí igba mìíràn. Kò burú. Ó yá, kò sì wọ́n. Ṣùgbọ́n ohun tí a fi kí gbogbo ayé, ta ni a fi kí nínú wọn gan-an?

Ìyá wa ní Abẹ́òkúta, tí àwọn ọmọ ń pè ní Màmá Abẹ́òkúta, ni ó jẹ́ kí ọ̀rọ̀ náà kàn wá gbọ̀ngbọ̀n. Nígbà tí wọ́n lé ní ọgọ́rin ọdún, etí wọn di. Bí a bá pè wọ́n lórí fóònù, "Ẹ pẹ̀lẹ́ o, ẹ kú iṣẹ́ o" ni wọ́n á máa sọ títí owó orí fóònù yóò fi tán, wọn kò gbọ́ nǹkan kan. Gẹ̀ẹ́sì kò yé wọn. Ṣùgbọ́n wọ́n ń ka Yorùbá geerege, nítorí Bíbélì ni wọ́n fi kọ́ ìwé, ojú wọn sì ń ríran bí wọ́n bá ti lo awò ojú. Àwọn ọmọ tí a bí síhìn-ín kì í rí wọn ju ẹ̀ẹ̀kan lọ́dún lọ. Nígbà tí ọkàn kò bá balẹ̀ lójú ọ̀nà Òkéné, ó máa ń tó ọdún méjì. Àbígbẹ̀yìn wa bi wá léèrè lọ́jọ́ kan pé, "Ṣé Màmá Abẹ́òkúta mọ orúkọ mi?" Ọ̀rọ̀ yẹn dùn wá wọ egungun.

Ọdún 2019 ni àbúrò wa kan tí ń gbé ní Houston ní Amẹ́ríkà fi ẹ̀rọ kan sí àárín ẹrù tí ó fi ránṣẹ́ sílé. Cricut ni orúkọ rẹ̀. Láti ọdún 2006 ni irú rẹ̀ ti wà lọ́jà níbẹ̀. Kò tóbi ju ẹ̀rọ ìtẹ̀wé kékeré tí ó wà lórí tábìlì ọ́fíìsì lọ, ṣùgbọ́n abẹ ni ó wà níbi tí ó yẹ kí yíǹkì wà. Bí ó ṣe ń ṣiṣẹ́ rèé. A ó lẹ bébà mọ́ ẹní ike kan tí ó ní àtè díẹ̀ lára, kí ó má baà sún. A ó ya bàtànì tí a fẹ́ sórí kọ̀ǹpútà tàbí fóònù. Ẹ̀rọ náà á máa fa ẹní yìí síwá sẹ́yìn, abẹ náà á máa lọ sọ́tùn-ún sósì, títí yóò fi gé gbogbo ìlà náà tán. Níbi tí a bá fẹ́ ṣẹ́ bébà po, irin tí kò mú ni a ó lò dípò abẹ. Yóò tẹ ìlà sí bébà láìgé e. A tún lè fi gègé sí i kí ó kọ̀wé.

Káàdì àkọ́kọ́ tí àwọn ọmọ gé fún Kérésìmesì ọdún 2019, ẹyẹ àti òdòdó ni wọ́n gé sí iwájú rẹ̀. A fún awakọ̀ kan ní páàkì, ó sì gbé e dé Abẹ́òkúta. Nígbà tí a délé ní ọdún tí ó tẹ̀lé e, Màmá mú káàdì náà jáde, wọ́n gbé e sókè sí ojú ìmọ́lẹ̀, wọ́n ní, "Bàtànì mà nìyí! Iṣẹ́ bàbá mi ni ẹ ń ṣe yìí." Ni wọ́n bá bẹ̀rẹ̀ ìtàn.

Ẹ mọ̀ pé ìlú àdìrẹ ni Abẹ́òkúta. Àwọn obìnrin ni ó ń pa á láró, ṣùgbọ́n àwọn ọkùnrin ni ó ń gé bàtànì àdìrẹ ẹlẹ́kọ. Páànù fẹ́lẹ́fẹ́lẹ́ tí ó máa ń wà nínú àpótí tíì láti òkè òkun ni wọ́n ń lò nígbà náà. Wọ́n á fi irin ẹnu mímú àti òòlù kékeré gé òdòdó, ẹyẹ àti lẹ́tà sí i lára. Wọ́n á gbé páànù náà lé orí aṣọ funfun, wọ́n á fi lafún tí a fi álọ́ọ̀mù sè ra ojú ihò rẹ̀, lẹ́yìn náà ni wọ́n á rẹ aṣọ sínú aró ẹ̀lú. Ibi tí lafún bá bò, aró kò ní mú un. Ní ọdún 1935, tí George Karùn-ún, ọba Gẹ̀ẹ́sì, pé ọdún mẹ́ẹ̀ẹ́dọ́gbọ̀n lórí oyè, wọ́n gé ọba àti ayaba sí bàtànì, àdìrẹ náà sì di ìlú-mọ̀-ọ́n-ká. Olọ́ba ni wọ́n ń pè é.

Màmá ní bàbá àwọn a máa kìlọ̀ fún àwọn ọmọ iṣẹ́ pé, "Ẹ má gé ojú O yíká tán. Bí ẹ bá gé e yíká, àárín rẹ̀ á jábọ́." Wọ́n ní láti fi páànù tín-ín-rín sílẹ̀ ní ẹ̀gbẹ́ méjì tí yóò di àárín náà mú. Àwọn ọmọ wa wo ojú ara wọn. Nǹkan kan náà ni ó ti ń ṣẹlẹ̀ sí wọn ní Lokoja, tí àárín Ọ ń jábọ́ nínú "ỌDÚN", tí wọn kò mọ ohun tí wọn yóò ṣe sí i. Ọ̀rọ̀ tí bàbá kan sọ ní Abẹ́òkúta nígbà ayé àwọn Gẹ̀ẹ́sì ni ó tún ẹ̀rọ Amẹ́ríkà ṣe fún wọn. Láti ọjọ́ náà ni àbígbẹ̀yìn wa kò ti béèrè mọ́ bóyá Màmá mọ orúkọ òun. Orúkọ rẹ̀ ni Màmá ń pè bí wọ́n bá fẹ́ sọ̀rọ̀ bàtànì.

Kíkọ ọ̀rọ̀ sí inú káàdì ni ó gba sùúrù jù. Ọ̀kan nínú wọn kọ "Ìyà wa àgbà, a kí yín kú ọdún." Ìyá ni ó fẹ́ kọ, ìyà ni ó kọ. A rẹ́rìn-ín títí, ṣùgbọ́n ó kọ́ ẹ̀kọ́ lọ́jọ́ náà pé àmì kékeré kan ni ó wà láàárín ìyá ẹni àti ìyà. Ọ̀pọ̀ irú lẹ́tà tí ó wà nínú kọ̀ǹpútà ni kò mọ ẹ, ọ àti ṣ tiwa. Bí ẹ bá tún fi àmì ohùn lé e, ó lè di àpótí òfìfo. Nítorí náà, a máa ń kọ́kọ́ tẹ̀ ẹ́ sórí bébà lásán láti yẹ̀ ẹ́ wò. A kì í gé àmì ìsàlẹ̀ lẹ́tà, nítorí kò tóbi ju èso yànmọtí lọ, ó sì máa ń sọnù. Gègé ni a ń jẹ́ kí ó kọ ọ́. Òfin kan sì wà nílé wa: ọmọ tí ó kọ káàdì gbọ́dọ̀ kà á sókè kí a tó fi í sínú ẹ̀rọ. Bí ó bá kà á tí ohùn rẹ̀ kò bá lọ, yóò padà lọ tún un kọ.

Páálí ẹ̀bùn ni ó dùn mọ́ wọn jù. Wọ́n sọ ìtàn Robert Gair, onítẹ̀wé kan ní Brooklyn ní Amẹ́ríkà, tí ó ń ṣe àpò bébà ní ọdún 1879. Irin tí ó yẹ kí ó tẹ ìlà sí àpò náà yẹ̀, ó sì gé e. Ẹlòmíràn ì bá máa ṣépè. Gair rò ó pé bí irin kan bá lè tẹ̀, tí òmíràn lè gé, ẹ̀rọ kan náà lè ṣe méjèèjì lẹ́ẹ̀kan. Láti ibẹ̀ ni páálí pẹlẹbẹ tí a ń ṣẹ́ po fi di ohun tí a fi ń di bisikíìtì àti oògùn títí dòní. Gé díẹ̀, tẹ̀ díẹ̀: gbogbo àṣírí rẹ̀ nìyẹn.

Ẹni tí kò ní ẹ̀rọ lè ṣe é. Ẹ gé kádíbọọ̀dù ní igun mẹ́rin ọgbọọgba, 20 sẹ̀ǹtímítà ní ẹ̀gbẹ́ kọ̀ọ̀kan. Ó gba ojú bébà A4. Ẹ fi rúlà àti bírò tí yíǹkì rẹ̀ ti tán tẹ ìlà ní 5 sẹ̀ǹtímítà sí etí mẹ́rẹ̀ẹ̀rin. Igun kéékèèké mẹ́rin á yọ. Ẹ la ẹ̀gbẹ́ kan ṣoṣo lára igun kọ̀ọ̀kan dé ibi tí ìlà méjì ti pàdé, ẹ má ṣe kọjá ibẹ̀. Ẹ ká etí mẹ́rẹ̀ẹ̀rin sókè, kí ẹ fi àtè lẹ àwọn igun náà mọ́ inú. Páálí yín á fẹ̀ ní 10 sẹ̀ǹtímítà, á sì ga ní 5. Fún ọmọrí rẹ̀, ẹ gé 15.3 sẹ̀ǹtímítà, kí ẹ tẹ ìlà ní 2.5. Mìlímítà mẹ́ta tí ó lé yẹn ni kò ní jẹ́ kí ọmọrí há. Bí ẹ bá fẹ́ di ṣíǹ-ṣín, àádùn tàbí kókóró sínú rẹ̀, ẹ tẹ́ ọ̀rá mímọ́ sí i kí epo má baà yọ síta.

Ẹ tún máa wo ojú ọjọ́. Ní oṣù Kejìlá, ọyẹ́ máa ń mú kí bébà gbẹ kí ó sì máa là níbi tí a ti ṣẹ́ ẹ, eruku a sì pa àtè ara ẹní ike náà. Ẹ bò ó ní gbogbo ìgbà tí ẹ kò bá lò ó. Ní àwọn ọdún àìpẹ́ yìí tí Iléyá ń bọ́ sí àkókò òjò, bébà a máa fa ọ̀rinrin, abẹ a sì máa fà á ya. Inú ọ̀rá ni kí ẹ tọ́jú rẹ̀ sí.

Kí ìwé tó dé, àrokò ni àwọn baba wa fi ń ránṣẹ́. Ẹyọ owó mẹ́fà tí a so pọ̀ ń sọ pé ọkàn mi fà mọ́ ọ, nítorí ẹ̀fà ni mẹ́fà. Bí ẹni tí a fi ránṣẹ́ sí bá dá mẹ́jọ padà, ó ń sọ pé ọ̀rọ̀ wa jọ, nítorí ẹ̀jọ ni mẹ́jọ. A sọ èyí fún àwọn ọmọ, wọ́n sì gé ojú ẹyọ owó mẹ́fà sí ọmọrí páálí Àjíǹde ọdún 2021. Wọn kò kọ àlàyé kankan sí i. Lẹ́yìn ọ̀sẹ̀ mẹ́ta, páálí náà padà dé láti páàkì. Ẹyọ owó gidi mẹ́jọ ni ó wà nínú rẹ̀. Kò sí ìpè fóònù kan tí ó tíì mú inú ilé wa dùn tó bẹ́ẹ̀.

Ẹ má rò pé ará ilé nìkan ni iṣẹ́ yìí wà fún. Ní ọdún 2022, omíyalé tún dé bá Lokoja bí ó ti ṣe ní 2012. Omi wọ Adankolo, Kabawa àti ìhà Ganaja, ó sì dí ọ̀nà Àbújá ní ìhà Koton-Karfe. Nígbà tí àwọn ojúlùmọ̀ wa padà sílé wọn, àwòrán ìgbéyàwó, ìwé ẹ̀rí àti ìwé ọmọ ti di ẹ̀kọ. Ní Kérésìmesì ọdún náà, àwọn ọmọ gé káàdì fún wọn, Mùsùlùmí àti Kìrìsìtẹ́nì. Wọ́n lọ béèrè bí Tápà, Ígálà àti Ẹ̀bìrà ṣe ń kí ara wọn, wọ́n sì kọ ọ́ ní èdè oníkálukú. Àwa náà tú fóònù wa yẹ́bẹ́yẹ́bẹ́, a wá àwòrán tí a ti yà níbi ìsọmọlórúkọ àti ìyàwó wọn, a lọ tẹ̀ ẹ́, a sì fi sínú páálí. Ìyá kan wà níbẹ̀ tí omi kò ṣẹ́ àwòrán ọkọ rẹ̀ tí ó ti kú kù fún. Ọ̀kan tí ó wà nínú fóònù wa ni ó rí gbà. Ó di páálí náà mú lọ́wọ́ fún ìgbà pípẹ́ kí ó tó lè sọ̀rọ̀.

Ọdún 2023 ni Màmá Abẹ́òkúta papò dà. Nígbà tí àwọn ẹ̀gbọ́n ṣí àpótí aṣọ wọn, gbogbo káàdì àti páálí náà ni ó wà níbẹ̀ lábẹ́ àdìrẹ wọn, kò sí èyí tí ó sọnù. Àwọn ẹbí tí kò tíì rí ọmọ wa rí kà á, wọ́n sì ń pè wọ́n lórúkọ lọ́kọ̀ọ̀kan níbi ìsìnkú. Ẹ̀yin ará, àtẹ̀jíṣẹ́ mélòó ni a ó bá nínú fóònù àwa náà?

Àwọn kan ń sọ pé ẹ̀rọ ni ó ṣe é, pé kì í ṣe ọwọ́. Ẹ̀rọ ìránṣọ kò sọ télọ̀ di ọ̀lẹ. Ẹ̀rọ gé bébà. Ọmọ ni ó yan ẹni tí yóò kí, ọmọ ni ó ro ohun tí yóò sọ, ọmọ ni ó fi àmì sí i. Nítorí náà, a bẹ̀ yín, ẹ gbìyànjú nǹkan mẹ́rin yìí ní ọdún tí ń bọ̀:

1. Kí ilé kọ̀ọ̀kan yan àgbàlagbà kan ní ìlú wọn tí ọmọ yóò máa kọ káàdì sí.
2. Kí ó jẹ́ Yorùbá, pẹ̀lú àmì rẹ̀, bí kò tilẹ̀ ju ìlà mẹ́ta lọ.
3. Kí ọmọ kọ orúkọ ara rẹ̀ fúnra rẹ̀, kí ó sì fi oríkì rẹ̀ sí i.
4. Ẹni tí ó bá ní ẹ̀rọ, kí ó ya ọmọ aládùúgbò ní ìlò rẹ̀. Ẹni tí kò ní, àlùmọ́gàjí, rúlà àti àtè tó.

Odò kì í ṣàn kó gbàgbé orísun. Olódùmarè kò ní jẹ́ kí àwọn ọmọ wa gbàgbé ilé. A ó rí ọmọ tí yóò kọ̀wé sí wa nígbà tí etí tiwa náà bá di. Àṣèyí ṣe àmọ́dún o. Ẹ̀mí á ṣe púpọ̀ rẹ̀. Àṣẹ.